Ọjọ́ Tí Alàgbà Olúdọ̀tun Súre Sórí Oúnjẹ Olóògbé

Alàgbà Olúdọ̀tun fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní Sharpstown bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá lé jáde, ó ní òun ò lọ mọ́.

Àpótí ti wà nínú ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Tóyìn, ti wà nínú ọkọ̀, ó ti de bẹ́líìtì mọ́ra. Wùmí, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ dókítà, tó ti Richmond wakọ̀ wá láti gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo aago, ó ń wo bàbá rẹ̀, ó tún ń wo aago.

Bàbá nìkan ló kù.

Kí ẹ má ṣì í mọ̀ o. Olúdọ̀tun kì í ṣe ojo. Ẹnjiníà ọ̀pá epo ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ìjì ti jà ní Houston tó ká òrùlé bí ẹni ká ẹní, omi ti kún títì tí ọkọ̀ ń léfòó bí igbá, kò sá lọ síbì kan. Ṣùgbọ́n kí ó sùn sórí ibùsùn tí kì í ṣe tirẹ̀? Áà, ìyẹn ni àgbà òkè tí kò lè gùn. Bí ó bá ń lọ sí League City lásán láti kí ọ̀rẹ́, á gbé ìrọ̀rí rẹ̀ dání, á gbé omi mímu rẹ̀ dání, kí ilẹ̀ tó ṣú á sì ti padà dé orí àga rẹ̀.

Tóyìn kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Tóyìn, ó ti fi ọdún púpọ̀ ṣọ́ aláìsàn lóru, kò ráyè rí ayé lọ́sàn-án. Nígbà tó wá pé ọgọ́ta ọdún, Wùmí bi í pé kí ni kí òun ṣe fún un. Kò béèrè góòlù, kò béèrè mọ́tò. Ó ní òun fẹ́ rí Oaxaca, tí ẹnu ń pè ní Wahaka, ìlú kan ní Mẹ́síkò tí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù máa ń ròyìn rẹ̀ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní òkúta aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun aṣọ, èlú gidi ni wọ́n sì fi ń rẹ ẹ́. Wọ́n ní ọbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó dúdú bí aró, tí ẹni tó bá tọ́ ọ wò á gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Olúdọ̀tun ní orúkọ ìlú náà fi díẹ̀ jọ wàhálà, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ó gbà títí ẹnì kan ní ìjọ fi sọ fún un pé àkókò tí wọ́n máa dé ibẹ̀ gan-an ni ìlú náà ń ṣe ọdún àwọn òkú, pé wọ́n máa ń se oúnjẹ fún àwọn tó ti sùn, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n wá jẹ ẹ́.

Ẹ mọ̀ pé Aládùúrà ni Olúdọ̀tun. Kì í ṣe Aládùúrà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn o. Alàgbà ni, òun ló ń gbé agogo. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde nínú sùtánà funfun bíi lẹ́búlẹ́bú, ó dúró níwájú Wòlíì Àrẹ̀mú àti gbogbo ìjọ, ó búra.

"Ohun tí a bá gbé fún òkú kò ní kan ètè mi. Bí ó bá kàn án, kí Olúwa fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

Ìjọ ní àmín. Wòlíì fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lé àmín náà lórí.

Nígbà tí wọ́n délé, Tóyìn bu iyọ̀ sí ìbúra náà. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ohun tí a gbé fún òkú bá kan ètè ọkọ òun, láti ọjọ́ náà lọ, ibikíbi tí òun bá dárúkọ pé àwọn ń lọ, kò gbọdọ̀ sọ pé òun ò lọ mọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Olúdọ̀tun rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, wọ́n bọra wọn lọ́wọ́, Wùmí ṣe ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin tó mọ̀ pé òun ò ní jẹun níbẹ̀ rárá, kí ni yóò bà á lẹ́rù?

Òun náà ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ mọ́tò. Fíríwéè ti ń kún."

"Ìrọ̀rí mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Agogo mi ńkọ́?"

Wùmí wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yíjú sí fèrèsé. Agogo wà nínú báàgì ọwọ́, wọ́n fi sùtánà wé e bí ọmọ tuntun. Nígbà tí báàgì náà sì dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀, òṣìṣẹ́ kan gbé e sókè, ó mì ín wò.

Kóńgó! Kóńgó!

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yíjú padà. Ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún. Olúdọ̀tun na ìka sókè, ó ní "Àmín."

Báyìí ni wọ́n ṣe gúnlẹ̀ sí Oaxaca. Ilé tí Wùmí gbà fún wọn jẹ́ ti arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Chayo, tó ń fi yàrá gba àlejò. Agbolé gidi ni, àgbàlá wà láàárín, igi ọsàn wà nínú àgbàlá, yàrá sì yí i ká. Màmá Chayo kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àlejò kò sì gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n Lupita, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti se oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Houston rí fún ọdún pípẹ́. Lupita ni ẹnu gbogbo wọn.

Tóyìn bọ́ sí ìgboro. Ní gbogbo àárọ̀ ló ń jáde, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé pẹ̀lú ìròyìn. Ó ti rí àwọn ahunṣọ. Ó ti rí aró pupa tí wọ́n ń rí fà láti ara kòkòrò tín-ín-tín tó ń gbé lára ẹ̀gún ọrọ́. Ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń lọ kòkó níṣojú ẹni, tí wọ́n ń da gbígbóná rẹ̀ sí ife. Ó ti mu sóbò, sóbò gidi, tó mú kí òùngbẹ ilé máa gbẹ ẹ́.

Olúdọ̀tun jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Bíbélì wà lórí itan, ìrọ̀rí wà lẹ́yìn. Bisikíìtì àti ẹja inú agolo tó gbé láti Houston ló ń jẹ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìgbà tí Màmá Chayo gbé tata díndín wá fún un nínú àwo, tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá jẹ tata á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún kiri. Tóyìn rán an létí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Ìlá, òun ń wa ìrẹ̀ nínú ilẹ̀, òun ń sun ún jẹ. Olúdọ̀tun ní ìrẹ̀ Ìlá yàtọ̀. Ìrẹ̀ tí òun mọ ìdílé rẹ̀ ni.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Agbárí ni. Wọ́n ti sọ fún un ní Houston pé àwọn ará ibẹ̀ a máa fi ṣúgà mọ agbárí, wọ́n a máa gbé eegun tí wọ́n fi páálí gé kọ́ ara ògiri. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìwé bá fò lójú afẹ́fẹ́, á na ọrùn wò ó bóyá eegun ni.

Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe Tóyìn. Ó yọ́ lọ bá Lupita, ó ní ẹ dákun, ọkàn ọkọ òun kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, bí àwọn ará ilé bá fẹ́ ṣe ọdún wọn, kí wọ́n má jẹ́ kí agbárí tàbí eegun kankan wà níbi tí ojú rẹ̀ á tó. Lupita sọ fún ìyá rẹ̀. Màmá Chayo, tó mọ iyì àlejò, kó gbogbo agbárí ṣúgà tó rà, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn. Inú rere ló kó bàbá yìí sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tóyìn àti Lupita ti jáde lọ sí abúlé àwọn ahunṣọ kí Olúdọ̀tun tó jí. Ó jí, ó na ara, ó gbọ́ òórùn.

Tùràrí.

Ó dìde jókòó. Ó tún fà á símú. Irọ́ kọ́, tùràrí ni. Ó tẹ̀lé imú rẹ̀ bí ajá ọdẹ, ó gba àgbàlá kọjá, ó dé ẹnu yàrá ńlá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní títì. Lónìí, ó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ó yọjú.

Pẹpẹ ni. Aṣọ funfun balau ni wọ́n tẹ́ sí i. Àbẹ́là ń jó lọ́tùn-ún, àbẹ́là ń jó lósì. Òdòdó pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yí i ká, wọ́n fi ìrèké méjì ṣe ẹnu ọ̀nà lé e lórí. Ọsàn wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Omi wà nínú ife gbọọrọ. Iyọ̀ wà nínú àwo. Èéfín tùràrí ń gòkè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé àwòrán bàbá kan sí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó dá irunmú sí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Agbárí kò sí níbẹ̀. Eegun kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjọ Aládùúrà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Aṣọ funfun, àbẹ́là, tùràrí, èso, omi, iyọ̀, àti fọ́tò bàbá olùdásílẹ̀ láàárín. Kí ló kù?

Agogo ló kù. Agogo sì wà nínú báàgì.

Omi lé ròrò sójú Olúdọ̀tun. Àṣé ọ̀kan náà làwọn! Àṣé láti ọjọ́ tí òun ti ń jẹ bisikíìtì bí ẹlẹ́wọ̀n, ilé bàbá òun lòun wà! Ìdúpẹ́ ìkórè ni wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún, kò sì sí ẹni tó sọ fún òun. Ó sáré padà sí yàrá. Ó wọ sùtánà. Ó bọ́ bàtà. Ó fọ́n lọ́fínńdà síhìn-ín, ó fọ́n ọn sọ́hùn-ún. Ó gbé agogo.

Kóńgó! Kóńgó! Kóńgó!

Ẹyẹ tú jáde nínú igi ọsàn. Màmá Chayo sá jáde ní ilé ìdáná tòun ti ṣíbí ìrobẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá bá a ṣe ọdún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé òdòdó wọlé, dúró bí igi. Wọn ò rí irú èyí rí. Ọkùnrin dúdú gíga, aṣọ funfun dé kókósẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, ó kọjá láàárín wọn bí ọkọ̀ ojú omi, ó wọ yàrá pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀ níwájú àwòrán bàbá onírunmú.

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Gbogbo wọn kúnlẹ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Olúdọ̀tun gbàdúrà. Ó gbà á fún ìlú, ó gbà á fún àwọn ahunṣọ, ó gbà á fún igi ọsàn. Nígbà tó tó, ó na ọwọ́ sí àwòrán.

"Bàbá yìí, Olúwa, má ṣe jẹ́ kó rí ikú. Fi ẹ̀mí gígùn ta á lọ́rẹ. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín yìí, kí ó darúgbó kùjọ́kùjọ́ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀."

Ẹ gbà mí o, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí!

Wọn ò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n àmín kì í ṣe ohun tó ń fẹ́ ògbufọ̀. Gbogbo ilé dáhùn pé "Amén!"

Tí a bá gbàdúrà sórí èso tán ní ìjọ wọn, kí là ń ṣe? A máa ń pín in ni. Ẹni tó bá jẹ́ kí èso àdúrà sùn sórí pẹpẹ ti kọ ìbùkún. Olúdọ̀tun dìde, ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó pín in. Ó bó ọsàn, ó pín in. Ó bu búrẹ́dì sọ́wọ́ Màmá Chayo. Ó gbé ife omi, ó mu níbẹ̀, ó gbé e fún wọn, gbogbo wọn sì ń gbà á, wọ́n ń wo ojú arúgbó. Arúgbó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. A ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Ife kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Olúdọ̀tun rò ó. Ife ńlá, ti ìjọ. Ife kékeré, ti òjíṣẹ́. Ó gbé e, ó dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọtí líle ni. Ọtí tí wọ́n ń pọn láti inú ewéko ẹlẹ́gùn-ún, tí bàbá onírunmú fẹ́ràn nígbà ayé rẹ̀.

Gbì!

Iná sọ̀ lọ́fun, ó já sí àyà, ó ṣe ṣàà dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Etí rẹ̀ ń ké wíìì. Láti ọjọ́ tí Olúdọ̀tun ti ń gbàdúrà pé kí agbára bọ́ sílẹ̀, kò bọ́ báyìí rí! Ó ta sókè. Ó yí bírípó, sùtánà ṣí bí agbòjò nínú ìjì. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tó gbé kàkàkí wá fún ọdún rò pé àsìkò ti tó, ó fun ún, páàpáráràpáà!

Ibẹ̀ ló ti rí ewé.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi wé nǹkan bí wọ́n ṣe ń wé mọ́ínmọ́ín nílé, ooru ṣì ń rú lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá a mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín inú agolo àti inú ike ni ọkùnrin yìí ti ń jẹ ní Houston láti ọdún yìí wá. Ó tú u. Àgbàdo kíkúnná bí ẹ̀kọ ni, adìẹ wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ dúdú bí aró sì bò ó. Ó jẹ ẹ́. Ó jókòó sílẹ̀. Ó tú òmíràn. Nígbà tó tú èyí tó ṣìkejì rẹ̀, kò súre sí i mọ́, ìbùkún ti àkọ́kọ́ ṣì wà ní ẹnu rẹ̀.

Nígbà tó yó, ó yọ fóònù. Ó ya ara rẹ̀ àti pẹpẹ, ó fi ránṣẹ́ sí Wáásáàpù ìjọ ní Sharpstown. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n bá òun yin Olúwa, òun ti rí ẹ̀ka ìjọ wa ní Mẹ́síkò, bàbá tó wà láàárín ni olùdásílẹ̀.

Ọ̀sán ni Tóyìn àti Lupita wọlé. Tóyìn rí sùtánà. Ó rí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó rí ewé tí ó tò jọ bí ìwé nílé ẹ̀kọ́. Ó rí ètè ọkọ rẹ̀ tó dúdú minimini. Lupita ti ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ lápá kan, ó ti gbá ògiri mú.

Tóyìn rọra jókòó.

"Bàbá Wùmí, kí lẹ jẹ?"

"Èso àdúrà ni. O ò sì sọ fún mi pé ará wa ni wọ́n."

"Ta ni wọ́n gbé e fún?"

"Ta ni à ń gbé ìkórè fún? Olúwa ni."

"Bàbá inú fọ́tò yẹn ni. Don Jacinto. Ọkọ Màmá Chayo ni."

"Ó mà ṣe dáadáa o. Níbo ló wà, kí n kí i?"

"Ó wà ní ibojì."

Olúdọ̀tun wo àwòrán. Àwòrán wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àdúrà ẹ̀mí gígùn tó gbà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sọ́kàn rẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì.

Ó dìde. Gbà, gbà, gbà, ó sáré dé ìdí igi ọsàn, ó ti ìka bọ ọ̀fun. Kò sóhun tó jáde. Ó tún tì í. Kò sóhun tó jáde. Oúnjẹ tó dùn kì í padà sẹ́yìn.

Lupita wá bá a níbẹ̀, ó ní kó fi ara balẹ̀, inú ìyá òun dùn ju bí òun ṣe lè sọ lọ. Ó ní nígbà tí bàbá òun wà láyé, kò dúró de ẹnikẹ́ni rí nídìí oúnjẹ. Kí wọ́n tó gbàdúrà ọdún tán, á ti tú ewé. Ife tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dà á sọ́fun. Láti ìgbà tó ti kú ni Màmá ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, tó ń rò ó lọ́kàn pé ṣé ó tiẹ̀ ń wá. Lónìí tí àlejò dìde, tí kò béèrè, tí kò dúró, tó tú ewé, tó da ife sọ́fun lẹ́ẹ̀kan, Màmá mọ ẹni tó rán an.

Ibẹ̀ ni fóònù Olúdọ̀tun ti dún. Wòlíì Àrẹ̀mú ni. Tóyìn fi gèlè bo ẹnu.

"Alàgbà, mo rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo ti rí bàbá yẹn rí."

"Níbo, Bàbá Wòlíì?"

"Lójú ìran, ní ìdájí òní. Ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ń bọ̀ ní Houston."

"Ó ní òun ń bọ̀?"

"Ilé yín gan-an ló ní òun máa sùn."

Ohùn Olúdọ̀tun rí tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. "Àmín," ló wí.

Tóyìn na ọwọ́ sí i. Ó nà án bí Olúdọ̀tun ṣe na tirẹ̀ ní Sharpstown lọ́jọ́ ìbúra. Olúdọ̀tun bọ̀ ọ́, ẹni tí a dá lẹ́bi ni.

Ọjọ́ tó kù, ó bá ìyàwó rẹ̀ kiri gbogbo ìlú láìráhùn. Ó rí aṣọ, ó rí aró, ó mu sóbò. Wọ́n ní ó tiẹ̀ jẹ tata, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n má kọ ọ́ sí Wáásáàpù. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ó ṣe ohun tí kò sí àgbà Yorùbá tí kì í ṣe. Ó ti gbé abẹ̀bẹ̀ díẹ̀ dání láti inú èyí tí wọ́n tẹ̀ fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀, tí fọ́tò rẹ̀ gbàràgàdà nínú sùtánà wà lójú rẹ̀, ó fún Màmá Chayo ní ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ sí àyà, ó ní òun á máa pè é lórí fóònù.

Kò pè é.

Ojú ló ń tì í. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Wòlíì ń bi í pé àlejò wa ńkọ́, ṣé ó ti dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà, bí wọ́n bá ti délé, Tóyìn á lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá àlejò, á gbọn ìrọ̀rí pẹ́pẹ́, á ní a kì í mọ ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọlé. Olúdọ̀tun a sì máa tan iná sùn.

Ọdún yí po. Òpin oṣù Ọ̀wàrà kù sí dẹ̀dẹ̀, àwòrán kan balẹ̀ sórí fóònù Tóyìn láti ọ̀dọ̀ Lupita. Tóyìn wò ó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀, ó na fóònù sí ọkọ rẹ̀.

Pẹpẹ ni. Aṣọ funfun, àbẹ́là, òdòdó. Don Jacinto wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti ọsàn kó má baà ṣubú, abẹ̀bẹ̀ ni.

Alàgbà Olúdọ̀tun ni, nínú sùtánà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àbẹ́là kan ń jó níwájú rẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ̀gbà yí i ká. Ife kékeré rẹ̀ kún dé etí.

Lupita kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ó ní ìyá òun ní kí òun bá a kí Tóyìn, pé ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ó ní bàbá aláṣọ funfun ṣèlérí pé òun á máa pè, Màmá sì mọ̀ pé ẹni tó ń gbàdúrà báyẹn kò lè parọ́. Nígbà tí ọdún yí po tí kò pè, ó ti yé Màmá.

Olúdọ̀tun wo ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tóyìn nu ojú, ó ní kó tètè pe arúgbó náà kó sọ fún un pé òun ò tíì kú. Olúdọ̀tun kò pe ẹnikẹ́ni. Ó fi ìka méjì fa àwòrán náà gbòòrò, kì í ṣe ní ibi tí ojú rẹ̀ wà, ní ibi tí ewé wà ni.

"Ọbẹ̀ dúdú ọjọ́sí náà ló wà nínú rẹ̀?"

"Ó dà bẹ́ẹ̀."

"Bí mo bá pè é, á kó o kúrò?"

"Á kó o kúrò, Bàbá Wùmí. Ta ló ń gbé oúnjẹ òkú fún alààyè?"

Olúdọ̀tun dìde, ó lọ mú ìrọ̀rí rẹ̀.

Bí Wùmí ṣe ti Richmond dé tó sọ̀kalẹ̀, bàbá ti jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti de bẹ́líìtì mọ́ra, ó na ọwọ́ kọjá àga awakọ̀, ó ń tẹ fèrè fún ìyàwó rẹ̀ tó ń wá bàtà. Píín! Píín!

Wọ́n dé Oaxaca, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà agbolé. Olúdọ̀tun ti wọ sùtánà kí arúgbó lè tètè dá a mọ̀. Láti inú ọkọ̀ òfurufú ló ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ: pé kó má fòyà, pé òun kọ́ ni iwin, pé ara òun le koko. Ó kan ilẹ̀kùn.

Màmá Chayo ṣí i fúnra rẹ̀. Ó wò ó láti fìlà dé ẹsẹ̀ lásán. Kò pariwo. Kò sá. Kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ibi tí oòrùn dé, ó mi orí, ó sọ̀rọ̀ sí Lupita tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Lupita gbé e jáde bó ṣe gbọ́ ọ.

"Màmá ní ẹ ti yá jù. Àwọn òkú ọmọdé ló ń bọ̀ lónìí, ọ̀la ni ti àwọn àgbàlagbà. Ó ní bí Don Jacinto náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin méjèèjì ò lè dúró kí oúnjẹ jinná."

Alàgbà Olúdọ̀tun gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sí abíyá, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún un pé òun á dúró.